Ẹ Jẹ́ Kó Dà Bí Àáró: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, nígbà tí aago mọ́kànlá ti kọjá, fóònù ọmọ ẹgbẹ́ wa kan já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ní Takie, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú fóònù yẹn nìkan ṣoṣo ni asáínmẹ́ǹtì tí àwa mẹ́sàn-án fẹ́ fi ránṣẹ́ wà, bí aago méjìlá òru bá sì ti lù, wọn ò ní gbà á mọ́. Mẹ́sàn-án yẹn, lórúkọ ni o. Ẹni tó ni fóònù àti èmi la ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn méje yòókù ti ń kí wa ní "ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fún yín lókun" láti àárọ̀. Òdo ni gbogbo wa gbà, àwọn tó ń kíni náà gba tiwọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, èmi náà ló sì ń darí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, àwọn tó ń kàwé láti ilé tàbí láti ibi iṣẹ́ wọn: olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì, télọ̀, ìyá tó ń tajà ní Ọjà Jagun. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tó ba ẹgbẹ́ wọn jẹ́, nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á fi NEPA tì í lẹ́yìn. Wọn ò parọ́, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ, àáró sì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò dé oko rí, ẹ jẹ́ kí n là á. Bí àgbẹ̀ bá bẹ ọ̀wẹ̀, á kó èrò rẹpẹtẹ jọ fún ọjọ́ kan, á se oúnjẹ, á wá ẹmu. Ẹni tó bá wá, ó wá. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ igi tó ń dápàárá, òun náà á jẹun. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àáró níye èèyàn, ó lọ́jọ́, wọ́n sì mọ oko ẹni tó kàn. Bí o bá bá mi kọ ebè 200 lónìí, mo jẹ ọ́ ní ebè 200. Bí ara mi ò bá yá lọ́jọ́ tìrẹ, màá fi ọmọ mi rọ́pò, tàbí kí n dá ọjọ́ tí mo máa san án. Kò sẹ́ni tó ń bínú, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé. Bí ẹ ṣe máa sọ gúrúùpù yín di àáró ni mo fẹ́ kọ síbí.

1. Ẹ má pọ̀ jù

Mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹnjiníà ará Faransé kan, Max Ringelmann, ní kí àwọn èèyàn máa fa okùn, ó sì ń wọn agbára tí wọ́n ń lò. Ọdún 1913 ló tẹ ohun tó rí jáde: bí àwọn tó wà nídìí okùn ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ, nǹkan bí ìdajì agbára tí kálukú ní ló ń lò. Ìdí okùn lèyí ṣẹlẹ̀ o, níbi tí ojú ti ń rí ojú. Ẹ wá ro ti orí WhatsApp wò, níbi tí èèyàn ti lè dùbúlẹ̀ kó sì kọ ọ́ pé "mo wà lórí ẹ̀."

Bó bá jẹ́ ilé ìwé ló pín yín, tí wọ́n sì kó mẹ́wàá jọ, ẹ fa ara yín ya sí méjì lábẹ́lẹ̀. Apá kan á mú ìbéèrè kìíní àti ìkejì, apá kejì á mú èyí tó kù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan látinú apá kọ̀ọ̀kan lá máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ yan ara yín, ẹ má kó ọ̀rẹ́ nìkan jọ. Ẹ wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, ẹni tó mọ̀wé kọ, ẹni tí owó àti ìṣirò ò dẹ́rù bà, àti ẹni tó ní sólà tàbí tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ẹni ìkẹyìn yìí ṣeré.

2. Ẹ gbọ́ ohùn ara yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, nọ́ńbà lásán ni lójú yín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pe ara yín, ohùn nìkan, kò sí pé à ń wo ojú. WhatsApp gba èèyàn 32 lórí ìpè kan. Ti Zoom ọ̀fẹ́ máa já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú 40 yẹn ti tó. Ìpàdé tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ti di ìpàdé ẹbí.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn ohun mẹ́rin: aago wo ló máa ń ráyè gan-an, kí ló fi ń ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ̀kì wo ló ń wọlé dáadáa nílé rẹ̀, kí ló mọ̀ ọ́n ṣe tí kì í nira fún un. Kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi ìbéèrè kìíní yẹn ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á sọ pé òun kì í jí kí ó tó di aago méjì ọ̀sán. Ìyá ọlọ́mọ ní Arówómọlé á ní lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Bí ẹ ò bá béèrè, ẹ ó máa fi ìpàdé sí aago méje, ẹ ó sì máa pe wọ́n ní ọ̀lẹ.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan bá ti japa, ẹ ṣírò aago tirẹ̀. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago tiwa àti ti London dọ́gba; lẹ́yìn náà, tiwa á fi wákàtí kan ṣíwájú. Toronto jìnnà jù bẹ́ẹ̀: wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú wọn nígbà ooru wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Èmi ò ka èyí sí wàhálà. Ẹni tó wà ní Toronto tó bá jókòó sídìí iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ tirẹ̀, oorun là ń sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ bá wa, àtúnṣe tó ṣe ti wà nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni: ẹ má fi dandan lé e pé kó wà nínú gbogbo ìpàdé.

3. Ẹ kọ àdéhùn, kó má gùn

Kí ẹ fẹnu kò, kí ẹnì kan kọ ọ́, kí ẹ sì so ó mọ́ òkè gúrúùpù. Èyí tí ẹgbẹ́ kan tí mo darí kọ rèé, mo yọ orúkọ kúrò nìkan (Google Docs tí wọ́n dárúkọ ni ibi ìkọ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ lè kọ̀wé sí):

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí a jọ sọ lálẹ́ àná nìyí. Inú Google Docs ni iṣẹ́ máa wà, kò gbọdọ̀ wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni nìkan. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ, dáhùn kí wákàtí 24 tó pé, kódà kó jẹ́ 'mo ti rí i' lásán. Bó o bá rí i pé o ò ní lè ṣe tìẹ, tètè sọ̀rọ̀, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ méjì. Ìpàdé wa ni alẹ́ Thursday, aago 8:30 sí 9:00. Ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí, a ò ní bá a jà, àmọ́ a máa bi í ní ọjọ́ tó máa san àáró ẹ̀."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, ìyá tó ń ta aṣọ nínú wọn ló sì fi í sí i.

Ohun kan tún kù: ẹ ṣí gúrúùpù méjì. Ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìkíni, àdúrà, ìkíni ọjọ́ ìbí àti fídíò apanilẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá ni wá, a ò lè ṣe ká má kí ara wa, ẹni tó bá sì ní kí ẹ má kíni lórí gúrúùpù, ẹ ò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí bá wà lábẹ́ "ẹ káàárọ̀" mẹ́rìndínlógójì, ta ló máa rí i?

4. Ẹ pín iṣẹ́ bí ẹni ń pín ebè

Níbí ni ẹgbẹ́ ti máa ń yè tàbí kó kú, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

"Ìwọ máa ṣe ìwádìí" kì í ṣe iṣẹ́. Kò ní orí, kò ní ìdí. Iṣẹ́ ni kí a sọ pé: ka ojú ìwé 12 sí 30, kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta jáde nínú rẹ̀, fi sínú fáìlì lábẹ́ àkọlé kejì, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Wednesday. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ebè. Ẹni tó bá wo oko náà á mọ̀ bóyá ó pé tàbí kò pé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní iṣẹ́ lórí bí àwọn tó ń ta kajú ṣe ń dá iye owó sí ọjà wọn. Àwọn márùn-ún ni. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá àwọn mẹ́ta tó ń tà á sọ̀rọ̀, ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tẹ ohun tí wọ́n sọ sínú fáìlì. Ẹnì kan ní Ìbàdàn ka ìwé tí olùkọ́ fún wọn, ó fà á wọnú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà. Ẹni kẹrin ya tábìlì iye owó. Ẹni karùn-ún kò kọ nǹkan kan: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó lè dún bíi pé ẹnì kan ló kọ ọ́. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún kọ orúkọ ẹlòmíì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òpó mẹ́rin péré: iṣẹ́, ẹni tó ni ín, ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi òpó karùn-ún sí i.

Apá wo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe? Èyí tó le jù ni. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété la wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ìfáárà àti ìkíni olùkọ́ lójú ewé kìíní, ẹ̀kọ nìyẹn, ó lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ọkà.

Kí ẹ sì ní ọjọ́ méjì: ọjọ́ ilé ìwé àti ọjọ́ tiyín. Tiyín gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣíwájú ti ilé ìwé. Inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni iná máa ń lọ, ibẹ̀ náà ni ọmọ máa ń ṣàìsàn, ibẹ̀ sì ni fóònù máa ń bọ́ sómi.

5. Ibi tí iṣẹ́ máa wà

Mo dárúkọ Google Docs nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé ó ń rántí. Kí kálukú wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí líǹkì lásán wọlé, torí pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ ò ní hàn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ síbi File, ẹ tẹ Version history: ẹ ó rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ, ọjọ́ tó kọ ọ́, títí dé wákàtí. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ojú ewé méjì rẹ́, ibẹ̀ náà lẹ ti máa dá a padà. Bí wọ́n bá sì ń jiyàn pé ta ló ṣiṣẹ́, ìjà ti parí nìyẹn.

Lórí fóònù, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, ẹ yan èyí tó ní kó wà lórí fóònù láìsí dátà. Ẹ lè máa kọ̀wé nínú mọ́tò láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí dátà bá dé, á kó ara rẹ̀ jọ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.

Ní ti dátà, ohùn ni kí ẹ máa lò, fídíò ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko inú ọyẹ́. Ẹni tí kò rí ìpàdé bá, kí akọ̀wé fi ohun tí ẹ sọ ránṣẹ́ sí i ní ìlà márùn-ún, kí ó má jẹ́ voice note ìṣẹ́jú méjìlá. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí èyí.

6. Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé

Kò sí ìwé òyìnbó tí mo rí tó sọ̀rọ̀ lórí èyí, òun ló sì ń fọ́ ẹgbẹ́ wa jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló máa ń mọ kọ̀ǹpútà jù, torí náà òun ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí. Ìyá tó lè bí i wà nínú ẹgbẹ́, bàbá kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe máa sọ fún bàbá yẹn pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dára?

Àkọ́kọ́, kó má sọ ọ́ lójú gúrúùpù. Ìkejì, kó má fi lẹ́tà kọ ọ́, kó fi ohùn sọ ọ́. Lẹ́tà ò ní ìkúnlẹ̀. "Ẹ tún un ṣe" tí ó wà lójú fóònù, ìbínú ni àgbà máa kà sínú rẹ̀. Èyí ni mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan sọ, mo sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn:

"Ẹ káàsán sà, ẹ kú iṣẹ́ àná. Mo ti ka tiyín, ibi tẹ́ ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn, ó wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpínrọ̀ kejì ni kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ìbéèrè ní ká mú àpẹẹrẹ méjì wá, ọ̀kan ni mo rí. Tó bá rọrùn fún yín, ṣé a lè rí ìkejì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la?"

Bàbá náà fi mẹ́ta ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò pa irọ́ fún bàbá. Ó sọ iye tó kù, ó dá ọjọ́. Ọ̀wọ̀ kò ní kí ẹ má sọ òótọ́, ibi tí ẹ máa gbà wọlé ló ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n tó bá di àdéhùn, ọjọ́ àti iye, kí ẹ tún kọ ọ́ sínú fáìlì lẹ́yìn ìpè, torí pé ohùn ń gbàgbé.

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ jọ̀ọ́: bí ọmọ bá jẹ́ olórí níbi iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ lè máa pè é ní ọmọ mi, ẹ kàn má fi ọmọ mi gba ọjọ́ tó dá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí ìjà bá dé ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹ má tú ká. Ọdún 1965 ni Bruce Tuckman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ kékeré máa ń gba ipò mẹ́rin kọjá: wọ́n á kóra jọ, wọ́n á forí gbárí, wọ́n á mọ ìwà ara wọn, iṣẹ́ á wá máa lọ. Ìforígbárí yẹn wà lójú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tí mo ń bẹ̀rù ni èyí tí gbogbo wọn ń sọ pé "ó dáa" sí gbogbo nǹkan.

7. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́

Ẹ pè é kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Obìnrin kan dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n ti fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pè é. Òun àti ọmọ rẹ̀ tó ń múra WAEC ló ń pín fóònù kan lò, ọmọ ló sì ń lò ó lálẹ́. Wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà sí èyí tó lè fi bírò ṣe, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ya fọ́tò rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ó fi ránṣẹ́. Òun ló wá ń ṣíwájú gbogbo wọn parí tirẹ̀.

Àwọn mìíràn ò níṣòro kankan, wọ́n kàn fẹ́ jẹun ọ̀wẹ̀ ni. Ẹ fún irú wọn ní iṣẹ́ kékeré kan tó ní ọjọ́. Bó bá tún kọjá, kí olórí sọ fún un níkọ̀kọ̀ pé a máa kọ̀wé sí olùkọ́ lọ́jọ́ báyìí, kí ó sì kọ ọ́ lóòótọ́, kí iṣẹ́ tó parí, pẹ̀lú ohun tó hàn nínú fáìlì. Ẹ má dúró di ìgbà tí máàkì bá jáde. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo lè sọ fún yín pé èyí tó dé lẹ́yìn máàkì, àròyé la máa ń pè é.

Ẹ má sì bá a ṣe tirẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kí ẹ wá fi orúkọ rẹ̀ sí i nítorí ojú àánú. Mo ti ṣe é rí. Ẹni yẹn tún wá bá mi lọ́dún kejì pé ká jọ wà pọ̀.

8. Ọjọ́ ìfiránṣẹ́

Kí èèyàn méjì mọ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ wọlé, kí ọ̀kan lè ṣe é bí èkejì ò bá sí. Ẹ fi wọlé ní ọ̀sán, ẹ má dúró de òru. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tó ti kọ ọ́ pé ó ti wọlé, ẹ fi sórí gúrúùpù.

Tuckman padà wá ní 1977, òun àti Mary Ann Jensen, wọ́n fi ipò karùn-ún kún mẹ́rin àkọ́kọ́: ìtúká. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí kálukú sọ ohun kan tí kò fẹ́ kí ẹ tún ṣe mọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, torí pé ẹni tó ṣẹ̀dá fáìlì ló ni ín, bó bá pa á rẹ́ pátápátá, ó ti lọ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ pa gúrúùpù iṣẹ́ rẹ́. Ẹ fi ti ìkíni sílẹ̀. Ti àwa mẹ́sàn-án ṣì wà títí dòní, àwọn méje yẹn ò sì tíì dákẹ́ àdúrà.